Àlímọ́tù Péléwúrà, Ẹlẹ́ja Tí Ó Ṣe Olórí Ọjà Èkó

Ní sáà tí ó kọjá, nígbà tí a rán wa lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ni dánra wò, ọ̀gá ilé-ìwé tí mo lọ gbé ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn ọmọ tuntun sí lé mi lọ́wọ́. Ó ní kí n bi ọmọ kọ̀ọ̀kan léèrè orúkọ rẹ̀, ilé rẹ̀, iṣẹ́ bàbá rẹ̀ àti iṣẹ́ ìyá rẹ̀. Ọmọbìnrin kékeré kan wí fún mi pé awakọ̀ ni bàbá òun, ṣùgbọ́n pé ìyá òun kò ṣiṣẹ́, ẹja ni ó ń tà. N kò tilẹ̀ dúró rò ó; mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìyá ọmọ náà kò ní iṣẹ́. Ó di alẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gún mi lọ́kàn, nítorí pé èlùbọ́ ni ìyá tí ó bí mi ń tà, owó èlùbọ́ náà ni ó sì fi ra ìwé fún mi títí mo fi gba ìwé-ẹ̀rí. Bí a bá bi mí ní irú ìbéèrè náà ní kékeré, bóyá bẹ́ẹ̀ gan-an ni èmi náà ìbá ṣe dáhùn.

Ohun tí ó mú mi kọ ìtàn yìí nìyẹn. Nínú ilé-ẹ̀kọ́ wa yìí, tí àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè púpọ̀ ti péjọ láti kọ́ iṣẹ́ kan náà, kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí kò mọ obìnrin ọlọ́jà. Ìlú kò jọ ìlú, èdè kò jọ èdè, ṣùgbọ́n ọjà jọ ọjà. Mo rò pé ó yẹ kí a mọ ìgbésí-ayé obìnrin kan tí kò mọ ìwé kà, tí kò sì ní ipò kankan lábẹ́ ìjọba, ṣùgbọ́n tí àwọn aláṣẹ Èkó kò lè ṣe kí wọ́n má kà á sí. Orúkọ rẹ̀ ni Àlímọ́tù Péléwúrà.

Ní ìdajì ìkẹyìn ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ni a bí Péléwúrà sí Èkó, ìlú tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gbà sábẹ́ àṣẹ wọn láti ọdún 1861. Ẹlẹ́ja ni ìyá rẹ̀, ẹ̀sìn Ìsìláàmù sì ni ẹ̀sìn rẹ̀. Kò lọ sí ilé-ìwé. Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ni ó tọ̀, tí ó sì di ẹlẹ́ja gẹ́gẹ́ bí òun. Ẹni tí kò bá mọ Èkó nílé lè máa rò pé iṣẹ́ kékeré ni èyí. Ṣùgbọ́n erékùṣù ni Èkó; ọ̀sà yí i ká, òkun sì ń bẹ ní iwájú rẹ̀. Ẹja ni ọlọ́lá fi ń jẹun, ẹja ni tálákà fi ń jẹun. Ẹni tí ó bá di okòwò ẹja mú ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, ohun tí gbogbo ilé ń dúró dè ní alaalẹ́ ni ó dì mú.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ kí a wo bí irú òwò yìí ti rí, nítorí ohun tí Péléwúrà jà fún kò lè yé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹja kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí a kò bá tà á ní tútù, a ní láti yan án. Bí igi ìdáná bá wọ́n, èrè ti lọ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń pàtẹ ní ọjà ni kò ní owó tí wọ́n lè fi ra ọjà ní òwúrọ̀. Àwìn ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ alájàpá ńlá, wọn a sì san owó rẹ̀ nígbà tí ọjà bá tú. Kò sí ìwé àdéhùn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó fọwọ́ sí ohunkóhun. Ẹni tí ó bá da àwìn lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ọjà ni yóò gbọ́, yóò sì ṣòro fún un láti tún rí ọjà gbà. Nípa báyìí, orúkọ rere ni owó tí obìnrin náà fi ń ṣòwò. Bí ó bá ń fẹ́ owó púpọ̀ láti fi fẹ òwò rẹ̀, tàbí láti fi sin òkú, tàbí láti fi san owó ilé-ìwé ọmọ, èésú ni yóò dá pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ tí ó bá kàn án, yóò kó gbogbo rẹ̀. Báǹkì kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n òun náà ní báǹkì tirẹ̀.

Nítorí pé kò sí ìwé, ó di dandan kí olórí wà. Ẹlẹ́ja ní ẹgbẹ́ tiwọn, aláta ní tiwọn, ẹlẹ́ran ní tiwọn, oníṣọ̀bọ̀lọ̀jọ̀ ọjà kò sì sí níbẹ̀. Olórí ọjà ni yóò parí ìjà láàárín oníbàárà àti ọlọ́jà, òun ni yóò mọ ẹni tí yóò jókòó síbi ìsọ̀ kan, òun ni yóò sì bá àwọn aláṣẹ ìlú sọ̀rọ̀ bí ọ̀rọ̀ bá dé. Irú olórí bẹ́ẹ̀ ni Péléwúrà dà. Nígbà tí ó fi di ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, orúkọ rẹ̀ ti ń kàn láàárín àwọn ọlọ́jà, ní ọdún 1910 sì ni Ọba Èṣùgbàyí Ẹlẹ́kọ fi oyè dá a lọ́lá. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ará ọjà Eréko yàn án ní alága wọn. Àwọn tí ó mọ ọjà náà ní àkókò yẹn jẹ́rìí sí i pé ó wà lára àwọn ọjà tí ètò wọn gún jùlọ ní Èkó.

Ní àkókò yìí ni Herbert Macaulay, ọmọ-ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, ń bá ìjọba àwọn òyìnbó fa ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ọ̀rọ̀ Ọba Èkó. Ní ọdún 1923 ni ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀, Nigerian National Democratic Party, sílẹ̀. Òfin ọdún 1922 fún àwọn ọkùnrin kan ní Èkó àti ní Kàlàbá ní ẹ̀tọ́ láti dìbò, bí owó tí ń wọlé fún wọn bá tó £100 ní ọdún. Kò fún obìnrin kankan ní ẹ̀tọ́ náà. Síbẹ̀ Macaulay mọ̀ pé ẹni tí ọjà bá wà lẹ́yìn rẹ̀ ni ìlú wà lẹ́yìn rẹ̀. Pẹ̀lú ìmọ̀ràn rẹ̀ ni àwọn obìnrin náà fi kó gbogbo ẹgbẹ́ ọjà jọ sí abẹ́ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, tí a mọ̀ sí Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Ọlọ́jà Èkó, Péléwúrà sì ni olórí rẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Àwọn obìnrin náà ń dá owó jọ. Wọ́n gba akọ̀wé tí yóò máa kọ ìwé wọn, wọ́n sì gba àwọn agbẹjọ́rò tí yóò máa bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ òfin. Ẹ kíyèsí i: àwọn tí kò mọ ìwé kà ni ó ń sanwó fún àwọn tí ó mọ̀ ọ́n. Wọn kò gan ìwé, wọn kò sì jẹ́ kí àìmọ̀ ìwé mú wọn jókòó sílé.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ owó-orí fi dé. Gbogbo wa ni ó ti gbọ́ nípa ìjà tí àwọn obìnrin ilẹ̀ Ìgbò àti Ìbíbíò jà ní ọdún 1929, nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ìjọba fẹ́ gba owó-orí lọ́wọ́ obìnrin, àti bí ìbọn ti pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìròyìn náà kò tíì kúrò létí àwọn ará Èkó nígbà tí irú ọ̀rọ̀ kan náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í jà ràn-ìn ní ìlú ní ọdún 1932. Àwọn obìnrin ọlọ́jà kò dúró kí òjò tó rọ̀ kí wọ́n tó wá ibi tí wọn yóò sá sí. Wọ́n rán ikọ̀ lọ sọ́dọ̀ olórí ìjọba ní Èkó, ó sì fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ pé ìjọba kò ní irú èrò bẹ́ẹ̀ lọ́kàn. Ní ọdún yìí kan náà ni a mú Péléwúrà wọ inú ìgbìmọ̀ Ìlú, níbi tí àwọn ìjòyè àti àwọn ẹni pàtàkì ti ń jíròrò lórí ọ̀rọ̀ Èkó.

Kò ju ọdún díẹ̀ lọ lẹ́yìn èyí tí ìjọba fẹ́ kó ọjà Eréko kúrò ní ibi tí ó wà, kí wọ́n gbé e lọ sí Olúwọlé. Lójú ẹni tí ó jókòó sí ọ́fíìsì, ibi ìsọ̀ kan kò yàtọ̀ sí òmíràn; bí a bá ti kọ́ òrùlé tí a sì la gọ́tà, ó parí. Ṣùgbọ́n ọlọ́jà mọ̀ pé ibi tí oníbàárà ti mọ òun ni ìsọ̀ òun. Ẹni tí a bá ṣí nípò, àwọn tí ó ti fi ogún ọdún kó jọ ni yóò pàdánù ní ọjọ́ kan. Péléwúrà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀, wọn kò kó kúrò. Ọlọ́pàá mú wọn, a sì tì wọ́n mọ́lé. Nígbà tí àwọn obìnrin ọjà yòókù gbọ́, wọ́n dìde, wọ́n sì tú jáde fi ẹ̀hónú wọn hàn títí a fi tú àwọn tí a tì mọ́lé sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ìjọba ti mọ̀ pé bí a bá fọwọ́ kan Péléwúrà, gbogbo ọjà Èkó ni a fọwọ́ kàn.

Ìlérí tí ìjọba ṣe ní ọdún 1932 kò pé ọdún mẹ́wàá. Ogun àgbáyé kejì ti bẹ̀rẹ̀, ìjọba sì ń wá owó. Ní ọdún 1940 ni òfin owó-orí tuntun jáde, tí ó sọ pé obìnrin tí owó tí ń wọlé fún un ní Èkó bá ju £50 lọ ní ọdún yóò san owó-orí. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, àwọn obìnrin ọlọ́jà ti ìsọ̀ wọn, wọ́n sì rọ́ lọ sí ọ́fíìsì Kọmíṣọ́nnà tí ń ṣe àkóso Èkó. Péléwúrà ni ó ṣíwájú wọn. Ohun tí wọ́n sọ kò ṣòro láti lóye. Ogun ti mú kí ọjà wọ́n. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni kò ní iṣẹ́, àwọn obìnrin ni ó sì ń gbọ́ bùkátà ilé. Àti pé obìnrin kò dìbò, ẹnikẹ́ni kò sì gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe òfin. Wọ́n ní nígbà tí aláṣẹ náà rán Péléwúrà létí pé àwọn obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń san owó-orí, ó dá a lóhùn pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ibi tí a ti ń ṣe owó, kì í ṣe ilẹ̀ Áfíríkà tí òṣì ti ń ta. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìjọba sún iye náà sókè láti £50 sí £200. Ìwọ̀nba obìnrin díẹ̀ ni ó ń rí iye bẹ́ẹ̀ ní ọdún kan, nítorí náà ẹrù náà kúrò lórí ọ̀pọ̀ ọlọ́jà.

Ṣùgbọ́n ìjà tí ó le jùlọ nínú ayé Péléwúrà kò tíì dé. Bí ogun ti ń pẹ́, bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ ń wọ́n sí i. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè fún àfikún owó oṣù. Ìjọba rò ó pé bí gàrí àti ẹ̀wà kò bá wọ́n, òṣìṣẹ́ kò ní béèrè fún owó mọ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe kan iye tí a gbọ́dọ̀ ta oúnjẹ lé àwọn ọlọ́jà lórí láti ọdún 1941, wọ́n sì fi òyìnbó kan tí a ń pè ní Pullen ṣe olórí iṣẹ́ náà. Wọ́n tún dá àwọn ibi ìtajà tiwọn sílẹ̀, níbi tí àwọn ènìyàn yóò ti tò láti ra gàrí ní iye tí ìjọba fọwọ́ sí.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò kékeré ṣe àpẹẹrẹ, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe fún àwọn ọmọ kíláàsì. Ká ní obìnrin kan ra àpò gàrí kan ní oko ní ṣílè mẹ́wàá. Ó san ṣílè méjì fún ọkọ̀ tí ó gbé e wá sí Èkó, ó sì san kọ́bọ̀ díẹ̀ fún alágbàrù. Bí ìjọba bá wí fún un pé kò gbọdọ̀ tà á ju ṣílè mọ́kànlá lọ, kí ni yóò ṣe? Bí ó bá tà á, ó ti jẹ gbèsè. Bí ó bá kọ̀ láti tà á, a ó ní ó ń kó oúnjẹ pamọ́. Bí ó bá tà á ní iye tí ó yẹ, ọlọ́pàá yóò mú un. Nítorí náà, yálà kí ó má lọ sí oko mọ́, tàbí kí ó máa tà á ní kọ̀rọ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Èkó gan-an nìyẹn. Gàrí pòórá ní orí àtẹ, ó sì ń bẹ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Iye tí wọ́n sì ń tà á ní kọ̀rọ̀ ju iye tí wọn ìbá tà á ní gbangba lọ. Òfin tí a ṣe kí oúnjẹ lè pọ̀ ni ó sọ ọ́ di ọ̀wọ́n.

Kò yẹ kí a gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni nínú ìtàn. Kì í ṣe gbogbo ọlọ́jà ni ó jẹ́ olóòótọ́ ní àkókò náà, àwọn kan sì wà tí ó jẹ èrè lórí ebi ẹlòmíràn. Ẹ̀rù tí ń ba ìjọba kì í ṣe ẹ̀rù lásán, nítorí òṣìṣẹ́ tí owó oṣù rẹ̀ kò kúrò lójú kan ń jìyà nítòótọ́. Àṣìṣe wọn ni pé wọ́n rò pé a lè darí ọjà láìbi ọlọ́jà. Wọn kò mọ iye tí àgbẹ̀ ń gbà ní oko, wọn kò mọ ohun tí àwọn onímọ́tò ń gbà lójú ọ̀nà, wọn kò sì mọ ẹni tí ń tà á ní àwìn fún ta ni. Gbogbo ìmọ̀ yìí wà ní orí àwọn obìnrin tí wọ́n kà sí aláìmọ̀kan.

Pullen kò pẹ́ rí i pé láìsí Péléwúrà, apá òun kò lè ká ọjà. Àwọn tí ó kọ ìtàn obìnrin yìí sọ pé ó fi owó oṣù lọ̀ ọ́ kí ó lè bá a ṣiṣẹ́. Péléwúrà ti di àgbàlagbà nígbà náà, owó náà kì í sì í ṣe kékeré. Kò gbà á. Ó fi yé òyìnbó náà pé kò sí iye tí yóò mú òun fi ebi pa ìlú tí a bí òun sí. Nígbà tí mo ka ibi yìí, mo gbé ìwé náà sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwa tí a kàwé ni ìbá ti gba owó náà, tí a ó sì rí àlàyé tí ó dùn létí ṣe nípa rẹ̀.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1945, àwọn òṣìṣẹ́ Nàìjíríà da iṣẹ́ sílẹ̀, Michael Imoudu ti ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè sì wà lára àwọn aṣíwájú wọn. Àwọn tí ó dáwọ́ iṣẹ́ dúró ju 30,000 lọ, ìdaṣẹ́sílẹ̀ náà sì lé ní 40 ọjọ́. Ẹnikẹ́ni ìbá rò pé inú àwọn ọlọ́jà yóò dùn sí ìyà àwọn òṣìṣẹ́, níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé nítorí òṣìṣẹ́ ni ìjọba ṣe kan iye lé wọn lórí. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn obìnrin ọjà dá owó fún ìrànlọ́wọ́ àwọn tí ó dáṣẹ́ sílẹ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé ọkọ wọn ni, ọmọ wọn ni, oníbàárà wọn sì ni. Ọ̀rẹ́ ni àtẹ àti owó oṣù. Bí ọ̀kan bá ṣófo, èkejì yóò ṣófo. Nígbà tí ogun parí, ìjọba jáwọ́ nínú kíkan iye lé oúnjẹ lórí, gàrí sì padà sí orí àtẹ.

Macaulay kú ní oṣù karùn-ún ọdún 1946. Péléwúrà wà láyé títí di ọdún 1951. Ó rí ọdún 1950, nígbà tí àwọn obìnrin Èkó kọ́kọ́ gba ẹ̀tọ́ láti dìbò yan àwọn ìgbìmọ̀ ìlú, ohun tí ó ti ń tẹnu mọ́ láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Ìlú Èkó sin ín bí a ti ń sin ẹni ńlá. Ẹgbẹ́ tí ó fi sílẹ̀ kò tú ká. Ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé e, Àbíbátù Mọgàjí, tí ó kú ní ọdún 2013, di olórí àwọn ọlọ́jà, orúkọ rẹ̀ sì kàn ká gbogbo Nàìjíríà.

Ogún ọdún lẹ́yìn ikú Péléwúrà ni àwọn ọ̀mọ̀wé tó wá orúkọ fún iṣẹ́ tí ó ṣe. Ọ̀gbẹ́ni Keith Hart, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti gbé ní àdúgbò Nima ní Àkírà láàárín ọdún 1965 sí 1968, ní àárín àwọn ará àríwá Gáńà tí wọ́n wá ṣiṣẹ́ ní olú-ìlú. Ó retí àtirí àwọn aláìníṣẹ́. Ohun tí ó rí ni àwọn ènìyàn tí kò sinmi láti òwúrọ̀ di alẹ́, tí wọ́n ń tà, tí wọ́n ń rà, tí wọ́n ń ṣe àtúnṣe oríṣiríṣi nǹkan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ wọn kò sí nínú ìwé agbanisíṣẹ́ kankan. Ní ọdún 1971 ni ó sọ ohun tí ó rí fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1972, Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé lo orúkọ náà nínú ìròyìn wọn nípa ilẹ̀ Kẹ́ńyà, ó sì tàn ká ayé. Iṣẹ́ tí ìjọba kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni a lè pè é ní èdè wa. Nínú ìròyìn tí àjọ kan náà gbé jáde ní ọdún 2018, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé àwọn tí ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tó bílíọ̀nù méjì ní gbogbo ayé, àti pé nínú 100 òṣìṣẹ́ ní Áfíríkà, ó lé ní 85 tí wọ́n wà nínú rẹ̀. Bí a bá wá ń sọ pé ìwọ̀nyí kò ní iṣẹ́, ta ni ó wá ń bọ́ ilẹ̀ wa?

Ẹ̀yin ará Gáńà láàárín wa kò ní gbàgbé oṣù kẹjọ ọdún 1979, nígbà tí àwọn ọmọ-ogun wó ọjà Makola ní Àkírà lulẹ̀, nítorí wọ́n ní àwọn obìnrin ọjà ni ó mú kí nǹkan wọ́n. Ọjà náà wó, ọ̀wọ́n kò wó. Ohun tí Èkó ti kọ́ láyé Péléwúrà ni Àkírà tún fi ìyà kọ́ ní ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lẹ́yìn tí ogun parí. Àwọn ará Tógò náà lè sọ fún wa nípa àwọn obìnrin aláṣọ Lomé, tí òwò àǹkárá sọ di ọlọ́rọ̀ títí wọ́n fi ń fi orúkọ mọ́tò Benz pè wọ́n. Orílẹ̀-èdè kò sí ní apá ibí yìí tí kò ní Péléwúrà tirẹ̀, bí a bá wá a dáadáa.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mò ń sọ pé iṣẹ́ ọjà dùn. Bí iná bá jó ìsọ̀, kò sí ẹni tí yóò san án padà. Bí ọlọ́jà bá ṣàìsàn, àtẹ rẹ̀ a ṣófo, ilé rẹ̀ a sì ṣófo pẹ̀lú. Nígbà tí ó bá dàgbà, kò sí owó ìfẹ̀yìntì fún un. Àwọn ọmọ rẹ̀ ni owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Ohun tí Péléwúrà fi gbogbo ayé rẹ̀ béèrè ni pé kí a kọ́kọ́ bi àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ náà léèrè kí a tó ṣe òfin lé wọn lórí. Ìbéèrè náà kò tíì gbó.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ọwọ́ wa ni a ó fi ìwé orúkọ àwọn ọmọ sí lọ́la. Ohun tí a bá kọ síbẹ̀ ni ọmọ yóò fi mọ irú ojú tí ó yẹ kí òun fi wo ìyá òun. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo tọrọ ìwé ńlá náà lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé. Mo fa ìlà pupa sórí ohun tí mo ti kọ, mo sì fi ọwọ́ tí ó hàn gbangba kọ òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: Iṣẹ́ ìyá, ẹlẹ́ja. Lẹ́yìn náà mo pe ọmọbìnrin náà, mo ní kí ó wá kà á sí mi létí. Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì padà lọ jókòó.